Sípíkà Ìyáálé, Sípíkà Ìyàwó

Ọmọ mi ọkùnrin tó ń gbé Èkó gbé ẹ̀rọ orin kan wá fún mi lọ́dún tó kọjá, ó ní kí n máa fi gbádùn ọjọ́ alẹ́ mi. Sípíkà mẹ́fà ló bá a wá. Ó gbé méjì síwájú mi, méjì sẹ́yìn mi, ọ̀kan sábẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ó wá ti ìkẹfà, èyí tó tóbi jù, sí kọ̀rọ̀ pálọ̀, níbi tó ti ń kùn bí ikùn ẹni tó jẹ ẹ̀wà tí kò jinná. Gbogbo wọn bára mu, àwọ̀ kan náà, igi kan náà. Ó fà mí lọ́wọ́, ó fi mí jókòó sórí àga kan, ó ní kí n má ṣe sún àga náà rárá, nítorí pé ojú ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ohùn ti ń pàdé. Ó fara balẹ̀ ṣàlàyé fún mi, bí ẹni tó ń kọ́ àgbàlagbà ní ábídí. Èmi náà ń dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò sọ fún un pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí mo ti fúnra mi wá irú ojú ibẹ̀ rí nílé bàbá mi ní Ìtòkú, tí mo fi èédú sàmì sí i, àti pé ojú ibẹ̀ ni kò jẹ́ kí ìyá mi kó ẹrù rẹ̀ padà sí Odeda.

Ilé alámọ̀ tí wọ́n rẹ́ sìmẹ́ńtì sí lára ni ilé wa, páànù orí rẹ̀ ti pọ́n bíi ti gbogbo ilé àdúgbò. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan gùn láti ojú títì títí dé ẹ̀yìnkùlé. Pálọ̀ bàbá mi ló wà níwájú. Tí èèyàn bá kọjá pálọ̀, yàrá Ìyá Ràṣídì, tó jẹ́ ìyáálé ilé, tí Ràṣídì ọmọ rẹ̀ ti lọ ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, wà lápá òsì, yàrá ìyá mi sì dojú kọ ọ́ lápá ọ̀tún. Láràárọ̀ lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ohun tí n óò kọ́kọ́ gbọ́ ni Ìyá Ràṣídì tó ń fi òòlù igi lu àdìrẹ kó lè dán. Ohun kejì ni bàbá mi tó ń wúkọ́ kí gbogbo wa lè mọ̀ pé òun ti jí. Lẹ́yìn náà ni ìyá mi á máa ya páálí ṣúgà níwájú ilé, nítorí pé ojú fèrèsé pálọ̀ ló ti ń ta bùrẹ́dì, mílíìkì àti ọṣẹ. Ẹ̀yìnkùlé jẹ́ ti Ìyá Ràṣídì pátápátá. Ibẹ̀ ni ìkòkò aró rẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ wà, tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ dé ọrùn. Òórùn aró kì í ṣe òórùn tí èèyàn ń ṣàpèjúwe fún àlejò. Ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀ kì í sì í gbọ́ ọ. Aró ti mú ọwọ́ Ìyá Ràṣídì dé ìgùnpá, ó fi ń jẹ ẹ̀bà, ó fi ń kírun, kò sì sí ẹni tó wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí mo kéré, mo rò pé bí ọwọ́ gbogbo ìyáálé ṣe ń rí nìyẹn. Tí oníbàárà bá ń bi í bóyá aṣọ òun ò ní ṣá, ìdáhùn kan náà ló máa ń fún wọn: aṣọ á gbó, aró òun ò ní ṣá. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ àdúgbò tó ń gbé.

Ní ọdún méjì ṣáájú ọdún tí mò ń sọ yìí, ìyá mi da omi ọṣẹ sẹ́bàá ìkòkò aró kan. Lọ́jọ́ kejì, ìkòkò náà kọ̀, aró inú rẹ̀ ò mú aṣọ mọ́. Ìyá Ràṣídì ní omi ọṣẹ ló pa á. Ìyá mi ní eérú tí wọ́n fi pò ó ni kò dáa. Láti orí eérú, wọ́n dé orí ọ̀bẹ kan tó sọnù, láti orí ọ̀bẹ wọ́n dé orí bí wọ́n ṣe tọ́ oníkálukú dàgbà. Ìyá mi búra pé láyé òun, ọwọ́ òun kò ní kan aró mọ́. Ìyá Ràṣídì ní ohun tí òun ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run gan-an nìyẹn. Ó tán. Láti ọjọ́ náà wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́, èmi ni wọ́n ń rán. Ìyá Ràṣídì á dúró ní ibi tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó èjìká ìyá mi, á ní, Mọ́ńsúrá, sọ fún ìyá ẹ pé kó sún bàsíà rẹ̀. Èmi á yíjú sí ìyá mi, n óò ní wọ́n ní kẹ́ ẹ sún bàsíà yín. Ìyá mi, tó ti ń sún bàsíà náà bọ̀ látìgbà tí wọ́n ti lanu, á ní kí n sọ fún wọn pé òun ń sún un. Èmi á yíjú padà. Iṣẹ́ ni, mo sì ń ṣe é dáadáa. Èèyàn ò lè sọ pé iṣẹ́ kan sọnù lọ́wọ́ mi rí.

Ṣùgbọ́n àpótí kan wà lábẹ́ ibùsùn ìyá mi. Àpótí onípáànù ni, òun ló gbé wá láti Odeda nígbà tó ń bọ̀ nílé ọkọ. Ìyá mi kì í sunkún, kì í sì í pariwo. Ọjọ́ tí inú bá bí i, yóò ká aṣọ kan, yóò fi í sínú àpótí, yóò sì lọ dá ẹ̀bà. Ìborùn funfun tó bo orí lọ́jọ́ tí wọ́n so yìgì rẹ̀ wà lórí ìṣó lára ògiri, mo sì gbọ́ ọ létí ara mi nígbà tó ń sọ fún àbúrò rẹ̀ tó wá kí i pé ọjọ́ tí òun bá ká ìyẹn, òun ti lọ nìyẹn. Wọ́n ti sọ fún èmi náà pé ọmọ kì í tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ kúrò nílé bàbá. Nítorí náà lójoojúmọ́, tí mo bá ti ilé kéú dé, mo máa ń wólẹ̀ wo abẹ́ ibùsùn kí n tó bọ́ bàtà. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo ti dàgbà báyìí, mo ti sin òkú, mo ti bímọ, ẹ̀rù kan ò bà mí tó ìyẹn rí.

Bàbá mi ò mọ̀ nípa àpótí. Ohun mìíràn ló ń ba òun lẹ́rù. Alfa àdúgbò wa ti ṣe wáàsí pé ọkùnrin tó bá ní ìyàwó méjì, tó bá fì sápá ọ̀kan, ẹ̀gbẹ́ kan ara rẹ̀ yóò fì wọ́lẹ̀ bó ṣe ń bọ̀ lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀, ọjọ́ àjíǹde, gbogbo ayé á sì rí i. Bàbá mi, tó ń ta páànù àti ìṣó, tí kò sì fẹ́ràn ẹ̀sín, mú ọ̀rọ̀ náà lọ́kàn. Méjì méjì ló ń ra nǹkan. Àtùpà méjì, ẹní méjì, gèlè kan sí òsì, gèlè kan sí ọ̀tún. Tí wọ́n bá pa àgbò Iléyá, ìwọ̀n tó fi ń wọn ìṣó ló fi ń wọn ẹran. Nígbà tí ẹ̀rọ orin wá wọlé wa, kí ni ìbá tún ṣe? Ó ra orí ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba kan ní Ìbarà tí wọ́n ń gbé lọ sí ìlú mìíràn, sípíkà kan ṣoṣo ló kù lára rẹ̀, kékeré, kò ju páálí ṣúgà lọ. Ó wá rí èkejì ní òtẹ́ẹ̀lì kan tó ti kógbá wọlé. Ìyẹn ga dé àyà mi, aṣọ iwájú rẹ̀ ti ya, eku sì ti gbé inú rẹ̀ rí. Bàbá mi gbé ẹ̀rọ sí pálọ̀, ó fi wáyà gba abẹ́ ilẹ̀kùn, ó gbé sípíkà ńlá fún ìyáálé, ó gbé kékeré fún ìyàwó. Ó wò wọ́n títí. Ó kan àpótí pákó kan, ó gbé ti ìyá mi lé e lórí, kí orí àwọn sípíkà méjèèjì lè dọ́gba. Ó ní ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, òun lọwọ́ fi ń mọ́. Òwe rẹ̀ nìyẹn, kò ní ju bíi mẹ́rin lọ.

Bí ẹ bá mọ ẹ̀rọ, ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn tó ń ṣe àwo orin nígbà náà ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń pín ohùn sí méjì, wọ́n á da ohùn olórin sí ọ̀tún, wọ́n á da àwọn elégbè àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sí òsì. Ẹni tó bá gbé sípíkà méjèèjì sójú kan náà kò ní mọ̀ pé wọ́n pín nǹkan kan. Wọn ò ro ti ọkùnrin Ẹ̀gbá tó máa gbé òsì fún ìyáálé, tó máa gbé ọ̀tún fún ìyàwó, tí ilẹ̀kùn méjì á sì wà láàárín. Nígbà tí bàbá mi fi àwo wákà kan sí i lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ́ọ̀, ìyá mi gbọ́ obìnrin kan tó ń dá ráhùn nínú yàrá rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò dá a lóhùn. Ìyá Ràṣídì gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti bí obìnrin mẹ́fà tó ń pariwo pé kò rí bẹ́ẹ̀ o, kò rí bẹ́ẹ̀. Kí ni kò rí bẹ́ẹ̀? Kò sí ẹni tó sọ fún un. Àwọn méjèèjì ò rojọ́, torí pé ọkọ ló fún wọn, ẹnì kan ò sì fẹ́ kó jẹ́ òun ni yóò kọ́kọ́ sọ pé tòun ò pé. Bàbá mi ní tirẹ̀ jókòó sí pálọ̀ níbi tí kò ti sí sípíkà rárá, ó ń mi orí sí ohun tó ń wá láti abẹ́ ilẹ̀kùn méjì. Inú rẹ̀ dùn.

Èmi tí wọ́n ń rán kiri ni mo kọ́kọ́ rí i. Mò ń gbé iṣẹ́ lọ láti òsì sí ọ̀tún lọ́jọ́ kan, àwọn elégbè dáhùn lẹ́yìn mi bí olórin ṣe ń dákẹ́ níwájú mi, mo dúró, mi ò rántí iṣẹ́ mọ́. Orin náà pé! Mo sún síwájú, olórin bo elégbè mọ́lẹ̀; mo sún sẹ́yìn, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ gba gbogbo rẹ̀. Mo rí ojú ibẹ̀, mo mú èédú, mo fi kọ róbótó sílẹ̀. Àtọjọ́ náà, tí wọ́n bá ti fi àwo sí i, ibẹ̀ ni mò ń ṣa ẹ̀wà. Ìyá mi wò mí fún ọjọ́ mélòó kan, ó bi mí pé kí ni mò ń rí níbẹ̀, mo ní kó wá gbọ́. Ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ wá. Kò pẹ́ sígbà náà ni Ìyá Ràṣídì ṣílẹ̀kùn. Ó rí wa. Ó wọlé padà. Ó wá jáde pẹ̀lú aṣọ funfun tó ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ sí lára, kí aró má bàa mú ojú ibẹ̀, kó tó rẹ ẹ́ láró, ó jókòó, ó kẹ̀yìn sí ìyá mi, ó ń yàwòrán rẹ̀ lọ. Òjò tó rọ̀ ló da ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìyẹ. Báyìí ni wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́ lẹ́yìn ìrun àsárì tí iná bá wà, wọ́n á jókòó, ẹ̀yìn ìyá mi á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹ̀yìn Ìyá Ràṣídì, èmi á wà láàárín bí ìdènà. Wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n aṣọ tuntun kan ò wọ inú àpótí.

Lọ́jọ́ kan Ìyá Ràṣídì pẹ́ dé láti ọjà, orin ti lọ jìnnà kó tó jókòó. Àwọn elégbè ń pariwo bí ìṣe wọn. Ó yàwòrán títí, ó gbé ìyẹ́ adìyẹ sílẹ̀. Mo ti múra láti gbé iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò pe orúkọ mi.

Ó ní, "Kí ni wọ́n ní kò rí bẹ́ẹ̀ gan-an?"

  Ìyá mi wá ní, "Ọkọ obìnrin náà ló ní kò mọ ọbẹ̀ sè."

Ìyá Ràṣídì rò ó. Ó tún mú ìyẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Ó lè jẹ́ pé kò mọ̀ ọ́n sè lóòótọ́."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ńlá, imú ló fi rín in, ṣùgbọ́n mo gbọ́. Ọdún méjì nìyẹn, ọbẹ̀ ẹlòmíràn ló parí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà wọ́n ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, nípa orin nìkan ni o, wọ́n ń dá ẹjọ́ àwọn ènìyàn inú àwo bí ẹni pé ojúlé kejì ni wọ́n ń gbé. Iṣẹ́ mi dín kù. Nígbà tó fi máa tó oṣù mẹ́ta, aṣọ mẹ́rin péré ló kù nínú àpótí, ìyá mi sì ti yọ ìró aláràn-án rẹ̀ jáde, ó wọ̀ ọ́ lọ síbi ìsọmọlórúkọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí tí ọ̀rẹ́ bàbá mi kan, tí wọ́n jọ ń kírun, wá kí wa. Bàbá mi mú un káàkiri láti fi ẹ̀rọ hàn án. Ọkùnrin náà wo sípíkà ńlá nínú yàrá òsì, ó wo kékeré lórí àpótí nínú yàrá ọ̀tún, ó bi bàbá mi bóyá ìyàwó kékeré ló fún ní kékeré. Ó rò pé àwàdà lòún ń ṣe. Bàbá mi ò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Nírọ̀lẹ́, mo rí i tó ń rìn lọ rìn bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó ń yíjú wo èjìká rẹ̀ ọ̀tún, tó ń wo ti òsì, bóyá ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í fì. Lọ́jọ́ kejì ó lọ bá Injinía. Rẹ́díónìkì, ẹni tó ń tún rédíò ṣe, ni Injinía, ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìbarà, fáànù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ló ń tún ṣe. Bàbá mi sọ fún un pé sípíkà méjì lòún ń fẹ́, kí wọ́n jẹ́ ìbejì, kí wọ́n ti inú páálí kan náà jáde.

Injinía rí wọn. Ó fẹ́ fi alùpùpù fẹ́sípà rẹ̀ gbé ọ̀kan wá kó tó padà lọ gbé èkejì, bàbá mi ní rárá, kò sí èyí tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé. Wọ́n háyà ọkọ̀ akẹ́rù. Bàbá mi mú téèpù télọ̀, ó wọn ìbú, ó wọn òró, ó wọn gígùn wáyà. Ó wá ní kí Injinía gbé ọ̀kan dúró lẹ́nu ọ̀nà ìyáálé, kí ọmọṣẹ́ rẹ̀ gbé èkejì dúró lẹ́nu ọ̀nà ìyàwó, kí wọ́n má tíì wọlé. Ó ní Bísímílàhì. Wọ́n wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn sípíkà náà rẹwà, mi ò ní purọ́, igi wọn ń dán, aṣọ iwájú wọn dúdú. Wọ́n fi àwo dán an wò. Injinía dé yàrá òsì, ó dé yàrá ọ̀tún, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní Bàbá, ìdajì orin lẹ ti ń fún àwọn èèyàn yìí látọjọ́ yìí. Ó na ìka sí bọ́tìnnì kékeré kan tó ń dán bíi fàdákà lójú ẹ̀rọ, ó tẹ̀ ẹ́, olórin àti elégbè sì wọ yàrá méjèèjì pọ̀. Gbogbo wa ló rí i bó ṣe tẹ̀ ẹ́. Bàbá mi kéde pé láti òní lọ, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan bọ́tìnnì yẹn. Àwọn ìyàwó rẹ̀ méjèèjì kúnlẹ̀, wọ́n dúpẹ́, wọ́n ní Ọlọ́run á máa bá yín pèsè. Ìyá Ràṣídì wọ yàrá rẹ̀, ó tilẹ̀kùn. Ìyá mi wọ tirẹ̀, ó tilẹ̀kùn. Orin ń lọ ní òsì, orin ń lọ ní ọ̀tún, ó pé, ó dọ́gba, èmi nìkan sì wà lórí àmì èédú mi pẹ̀lú àwo ẹ̀wà.

Mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà náà, mi ò tíì dá bàbá mi lẹ́bi. Ó ṣe ohun tó tọ́. Ohun tó tọ́ náà ló wá dá wa padà síbi tí a ti ń bọ̀. Nígbà tí kò ti sí ìdí tí wọ́n á fi jáde, wọn ò jáde mọ́. Nígbà tí wọn ò jáde, wọn ò rí ẹjọ́ kankan dá. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí Ìyá Ràṣídì fi pè mí pé, Mọ́ńsúrá, sọ fún ìyá ẹ pé omi rẹ̀ ń ṣàn bọ̀ níbi aró mi. Ó dùn mí. Mo jíṣẹ́ náà. Ìyá mi ní kí n sọ fún wọn pé omi ò gbọ́ èdè. Nígbà tí mo wo abẹ́ ibùsùn, ìró aláràn-án ti padà sínú àpótí. Lójoojúmọ́ ló ń kún sí i. Ìyá mi wá sọ fún bàbá mi pé òun fẹ́ lọ ṣe Iléyá lọ́dọ̀ àwọn èèyàn òun ní Odeda, kò sì sọ ọjọ́ tóun máa padà. Bàbá mi ní kó kí wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù sí Iléyá.

Nígbà náà ni ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, orin tún pín sí méjì. Ìyá Ràṣídì jáde pẹ̀lú àpótí ìjókòó rẹ̀, ó ń sọ fún ògiri pé ẹ̀rọ yìí ti bàjẹ́ o. Ìyá mi náà ṣílẹ̀kùn, ó ní ó ti bàjẹ́ lóòótọ́. Wọ́n jókòó. Mo sáré lọ wo ẹ̀rọ ní pálọ̀. Ojú ìka kan wà lórí bọ́tìnnì fàdákà náà, àwọ̀ aró. Mo fi etí búbà mi nù ún, mo padà síbi ẹ̀wà mi. Lọ́jọ́ kejì bàbá mi ránṣẹ́ pe Injinía, ó wá, ó tẹ bọ́tìnnì, ó lọ. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ó tún bàjẹ́. Èmi ni mo bà á jẹ́ lẹ́ẹ̀kejì yẹn. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ń gbọ́. Ìyá Ràṣídì àti ìyá mi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, wọ́n ń ṣàròyé pé nǹkan ìgbàlódé ò ní láárí. Injinía tún wá. Ẹ̀ẹ̀kẹta tí wọ́n pè é, inú ti ń bí i, ó ní kí bàbá mi sún mọ́ òun. Ó ní ẹ̀rọ ò ṣe nǹkan kan, ọwọ́ èèyàn ni. Ó tọ́ka sí ojú ìka aró tó wà lórí bọ́tìnnì. Mi ò sí nílé láti nù ún.

Bàbá mi kì í bínú kíákíá, ṣùgbọ́n tó bá bínú, ó máa ń rọra sọ̀rọ̀. Ó rọra sọ ọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí gbogbo ilé lè gbọ́ pé lẹ́yìn ìrun àsárì, kí oníkálukú kó ọwọ́ rẹ̀ wá. Ẹni tí aró bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun á yọ sípíkà kúrò ní yàrá rẹ̀, òun á gbé e fún ẹnì kejì. Ó ní ìdájọ́ kì í ṣe ìfì. Kí ni ẹ fẹ́ kí n wí? Obìnrin méjì ló wà nínú ilé. Ọ̀kan, aró ti mú un dé ìgùnpá láti ìgbà tó ti wà ní ọmọge. Èkejì ti búra pé òun ò ní fọwọ́ kàn án láyé. Ìyá mi ò ní ju kó na ọwọ́ rẹ̀ tó mọ́ tónítóní lọ, yóò sì ní sípíkà méjì, lójú ìyáálé rẹ̀, lójú Injinía. Ẹlòmíràn á ti rẹ́rìn-ín sínú. Ìyá mi jókòó sórí ibùsùn, ó ń wo ìṣó ara ògiri tí kò sí ìborùn funfun lórí rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ó bọ́ òrùka rẹ̀, ó fi í fún mi, ó ní kí n di í mú, ó jáde. Mo rò pé ilé ìwẹ̀ ló ń lọ.

Nígbà tí àsárì kọjá, bàbá mi jókòó sórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Injinía fara ti ògiri bí ẹlẹ́rìí. Ìyá Ràṣídì ló kọ́kọ́ jáde. Ó na ọwọ́ méjèèjì, kò wí àwáwí kankan, ojú rẹ̀ ò kúrò nílẹ̀. Bàbá mi ní kí èmi náà nawọ́. Tèmi mọ́, òrùka ìyá mi nìkan ló wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo jẹ̀bi ìgbà kejì. Bàbá mi wá béèrè pé Ìyá Mọ́ńsúrá dà. Ìyá mi gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ó kó ọwọ́ sábẹ́ ìró rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyáálé rẹ̀, ó sì na ọwọ́ méjèèjì. Omi ń kán lára wọn sílẹ̀. Ọwọ́ náà ò tíì dúdú, àwọ̀ ewé ni. Ẹni tó bá dàgbà sẹ́bàá ìkòkò aró mọ̀ pé ohun tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú aró, àwọ̀ ewé ló máa ń ní, atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di àwọ̀ aró. Ogún ọdún ni bàbá mi ti fi bá aláró gbé.  Ó ń wo ọwọ́ náà bó ṣe ń yí padà lójú rẹ̀, láti orí ìka dé ọrùn ọwọ́, títí tó fi yí tán. Ìyá Ràṣídì náà ń wò ó.

Bàbá mi la ẹnu, ó bẹ̀rẹ̀ òwe rẹ̀. Ó ní, "Ọwọ́ ọ̀tún..." Ó wo ọwọ́ mẹ́rin tó wà níwájú rẹ̀, kò sí èyí tó mọ́ nínú wọn. 

Ó yíjú sí Injinía. Ó ní, "Ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́. Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Injinía ní kò bàjẹ́ o, Bàbá, bọ́tìnnì lásán ni, ẹ jẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́ báyìí. Bàbá mi ní, "Mo ní ó ti bàjẹ́." Ó dìde, ó lọ wá bàtà rẹ̀.

Ìyá Ràṣídì mú ìyá mi lọ́rùn ọwọ́, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, bó ṣe máa ń wo aṣọ tí ẹlòmíràn bá rẹ. Ó ní, "Ìyàwó, o ò rì í tó. Ẹ̀ẹ̀mẹta là á rì í."

Ìyá mi ní, "Mi ò mọ̀, Ìyáálé mi. Ẹ óò kọ́ mi."

Wọ́n dìde. Ìyá mi fi ọwọ́ aró ta bùrẹ́dì fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn oníbàárà ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti di aláró, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò lọ sí Odeda fún Iléyá. Ó ní òun ò lè gbé irú ọwọ́ yẹn lọ bá àwọn èèyàn òun. Ṣùgbọ́n mo mọ ìgbà tó pinnu. Lọ́jọ́ náà gan-an, kí ìrun mùgùríbì tó dé, mo wólẹ̀ wo abẹ́ ibùsùn bí ìṣe mi. Àpótí ti ṣí, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Gbogbo aṣọ rẹ̀ ti padà sórí okùn. Ìborùn funfun ni mo rí kẹ́yìn, ó ti padà sórí ìṣó rẹ̀ lára ògiri, ìka márùn-ún sì wà lára rẹ̀ ní àwọ̀ aró.  Ó ti ká ìborùn náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó sọ fún mi nígbà tí mo di ìyàwó ilé. Lẹ́yìn àsárì ló wá fi ọwọ́ tútù tú u, tó tún gbé e kọ́.

Ìborùn náà wà lọ́wọ́ mi. Ó ti gbó, etí rẹ̀ ti ya, mo sì ti fọ̀ ọ́ níye ìgbà tí mi ò lè kà. Ìka ìyá mi márààrún ṣì wà níbẹ̀ bí ọjọ́ tó fi wọ́n síbẹ̀. Ìyá Ràṣídì ló kúkú ti wí i: aṣọ á gbó, aró òun ò ní ṣá.